Omi Inú Táǹkì Bàbá Mi

Lánàá, ọmọkùnrin tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìsẹ́yìn níbí ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Ó fà á, ó ké díẹ̀, ó kú. Ó tún fà á, ó tún ké, ó tún kú. Òórùn bẹntiróò gba ojú fèrèsé wọlé wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà. Àwọn ọmọ-ọmọ mi fi aṣọ bo imú, wọ́n ń pariwo pé kí n ti fèrèsé. N kò tì í. Bí ẹlòmíràn ṣe ń fi òórùn aáṣáà tàbí ti obì rántí bàbá rẹ̀, bẹntiróò àti ẹja tútù ni mo fi ń rántí tèmi. Òkúta tó wà nínú ẹ̀wà tí a jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà kò kéré, nítorí ojú mi ti kúrò lára rẹ̀, ó ti lọ sójú omi.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa rò ó pé kí ló da ọmọ Òkè-Ògùn pọ̀ mọ́ ọkọ̀ ojú omi. Pápá ni wọ́n mọ̀ wá mọ́: igi ẹmi, igi igbá, koríko tó ga ju ènìyàn lọ, èlùbọ́ tó ń gbẹ lórí àpáta. Bẹ́ẹ̀ náà ni abúlé wa ṣe rí kí ìjọba tó sé odò Ògùn. Omi náà kò ya lù wá lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè, bí àlejò tó kọ́kọ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó wá sún mọ́ gbọ̀ngàn, tó wá ń bèèrè yàrá. Ó gba oko ọkà bàbà bàbá mi. Ó gba oko ẹ̀gẹ́. Ó gba ọ̀nà tí à ń gbà lọ sọ́jà. Níkẹyìn, orí àwọn igi igbá nìkan ló ń yọ lókè omi, wọ́n ti gbẹ, wọ́n ti funfun, lékeléke sì ń bà lé wọn. Bàbá mi a máa nàka sí ọ̀kan nínú wọn bí a bá ń kọjá, a ní, “Abẹ́ ibẹ̀ yẹn ni mo ti máa ń jẹun ọ̀sán.”

Àgbẹ̀ tí omi bá gba oko rẹ̀, ó di dandan kó bá omi dọ́rẹ̀ẹ́. Àwọn apẹja Tápà tó tẹ̀ lé omi náà dé ọ̀dọ̀ wa ló kọ́ bàbá mi ní ọkọ̀ wíwà. Kò pẹ́ tó fi ra ẹ́ńjìnnì àlòkù kan tí wọ́n ń dè mọ́ ìdí ọkọ̀, tí abẹ̀bẹ̀ irin rẹ̀ ń yí nísàlẹ̀ omi. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó, ohùn rẹ̀ sì há bíi tẹni tó ti mu tábà láti kékeré. Àwa ọmọdé sọ ọ́ ní Àgbà Oníkọ́. Àwọn ìyá tó ń ná ọjà òdìkejì náà gba orúkọ yìí lẹ́nu wa, bí wọ́n bá ti ń wọ ọkọ̀, wọ́n a ní, “Àgbà Oníkọ́, ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wúkọ́ lónìí.” Bàbá mi a rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́ ni nígbà náà. Bàbá Múfú ni gbogbo abúlé ń pè é, nítorí Múfú ni àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ òfì híhun ní Ìsẹ́yìn.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi tímọ́tímọ́ ni Bàbá Ṣẹ́rífá. Ilé kéwú kan náà ni wọ́n jọ lọ, pàṣán kan náà ló nà wọ́n. Kẹ̀kẹ́ ni Bàbá Ṣẹ́rífá ń gùn lọ sí Òkèhò láti ra bẹntiróò, a di kẹ́ẹ̀gì mọ́ ọ̀tún, a di òmíràn mọ́ òsì, a sì wá tà á lábẹ́ àtíbàbà koríko kan lẹ́bàá èbúté wa. Ọkùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ó sì mọ́ tónítóní bí ẹni tí kò fọwọ́ kan epo rí. Aṣọ funfun kan wà tó fi ń sẹ́ gbogbo epo tó bá fẹ́ tà. A ta aṣọ náà sẹ́nu àrọ, a rọra máa da epo gbà á kọjá, a sì fi han ẹni tó ń rà á pé, “Ẹ wò ó o, kò sí pàǹtí.” Kò sí àgbà tó láyà tó láti gbé ìkòkò tábà sún mọ́ àtíbàbà rẹ̀. Ó lé bàbá ìyá mi pàápàá sẹ́yìn lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ àti ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ó lé e.

Ṣẹ́rífá ọmọ rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ tèmi. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wa, èkejì wà nítòsí. Ìbòrí kan náà là ń pààrọ̀ wé títí àwọn ìyá wa kò fi mọ ti ẹni tó jẹ́ mọ́. Ìyá rẹ̀ ń dín àkàrà ní èbúté, obìnrin gíga tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń gba orí omi lọ. Lẹ́yìn tó bí Ṣẹ́rífá, oyún kò dúró lára rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọ̀kan wá dúró, tó sì ń yọ, gbogbo abúlé ló ń fi ṣe àdúà. Lèmọ́mù kì í kírun tán láì dárúkọ rẹ̀. Ṣẹ́rífá ti yan orúkọ fún ọmọ náà. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, Àyìndé ni yóò máa pè é. Ó ti ń pe ikùn ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà òjò ni, ọjọ́ ọjà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ojú ọ̀run sì ti là, gbogbo nǹkan ń dán. Láti ọ̀gànjọ́ òru ni ìrọbí ti mú Ìyá Ṣẹ́rífá. Ìyá àgbà tó ń gbẹ̀bí ní abúlé wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí oòrùn fi gòkè, ó wá jáde síta, ó nu ọwọ́, ó ní, “Ọwọ́ mi kò ká eléyìí. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ má sì dúró gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni.”

Bàbá mi ti wà ní èbúté pẹ̀lú àwọn ọlọ́jà. Ó ní kí gbogbo ẹni tí ẹrù rẹ̀ wúwo sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọkùnrin àgbẹ̀ méjì dúró nínú ọkọ̀ nítorí wọ́n lè wa àjẹ̀ bí ó bá di dandan, Ìyá Onígàrí, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́jà, dúró pẹ̀lú àpò rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó lè ní kó sọ̀ kalẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀. Wọ́n rán mi sí Múfú ní Ìsẹ́yìn. Bàbá Ṣẹ́rífá gbé ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó fi àyà ara rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí fún un. Obìnrin náà na ọwọ́, ó wá ọwọ́ tí yóò dì mú, tèmi ló sì bá. Ṣẹ́rífá fẹ́ wọlé, wọ́n dá a dúró. Nígbà tí a ṣí, ó dúró nínú omi tó dé orúnkún rẹ̀, kò juwọ́, kò sunkún, ó kàn dúró títí n kò fi rí i mọ́.

A ti dé agbedeméjì omi nígbà tí Àgbà Oníkọ́ wú ikọ́ àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó kà á sí. Ó wú òmíràn. Ohùn rẹ̀ lọlẹ̀, ó gbìyànjú láti gbé e sókè, ó wá dákẹ́. Àfi ẹni tó bá ti wà láàrin omi ńlá rí, tí ẹ́ńjìnnì sì kú, ló mọ ìdákẹ́rọ́rọ́ tí mò ń sọ. Ìgbì ń lá ara pákó. Ìyá Ṣẹ́rífá ń mí bí ẹni tó ń gòkè àpáta.

 Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí epo ti ń bẹ̀rẹ̀. Táǹkì epo wà nílẹ̀ ọkọ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, rọ́bà gígùn kan ló so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Lórí ìdérí táǹkì ni ìdè kékeré kan wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ tú kí atẹ́gùn lè wọlé, nítorí bí atẹ́gùn kò bá wọlé, epo kò ní jáde. Ó wò ó. Ó ti tú u. Ó fọwọ́ tọ rọ́bà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bóyá ó ká, bóyá nǹkan tẹ̀ ẹ́. Àpò Ìyá Onígàrí jókòó lé e lórí. Ó gbé e kúrò, ó fa okùn, ẹ́ńjìnnì jí. Ìyá Onígàrí ń bẹ Ọlọ́run, ó ń bẹ bàbá mi, ó ń bẹ àpò gàrí. Kò tíì bẹ̀bẹ̀ tán tí ẹ́ńjìnnì tún fi kú.

Atẹ́gùn ti ń tì wá lọ sápá ibi tí àwọn òkú igi wà. Bàbá mi ní kí àwọn ọkùnrin méjèèjì máa wa àjẹ̀ kí a má baà forí sọ igi. Òun wá mú ibi róbótó kan láàrin rọ́bà náà, tó tóbi tó ọsàn wẹ́wẹ́, èyí tí à ń fún kí epo lè gun ẹ́ńjìnnì. Ó fún un títí, ó le koko lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i tó mi orí. Ìgbà tí mo dàgbà ló ṣàlàyé fún mi pé ibẹ̀ ni àyà òun ti kọ́kọ́ já. Bí ibẹ̀ bá rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, a jẹ́ pé rọ́bà lu tàbí pé nǹkan dí ẹnu ọ̀nà nínú táǹkì, èyí tí èèyàn lè tún ṣe. Ṣùgbọ́n ó le. Nǹkan ń dé inú ẹ́ńjìnnì. Bí nǹkan bá ń dé ibẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì sì ń kú, a jẹ́ pé nǹkan tó ń dé ibẹ̀ kì í ṣe epo.

Ó ṣí ìbòrí ẹ́ńjìnnì. Ó tú ìdè kan nísàlẹ̀ kábúrétọ̀, ibi tí epo máa ń dúró sí díẹ̀ kó tó di iná, ó sì fi agolo mílíìkì gbe ohun tó kán sílẹ̀. Gbogbo wa ló na ọrùn wò ó. Epo wà lókè, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ rẹ̀, ohun mímọ́ gaara kan ń yí kiri bí ìlẹ̀kẹ̀.

“Omi!” Ìyá Onígàrí ló figbe ta. “Omi ló bù sí i! Yéè, omi ló ń tà fún wa!”

Bàbá Ṣẹ́rífá gbójú sókè láti ara ìyàwó rẹ̀. Mo jókòó sí iwájú rẹ̀ gan-an. N kò rí ojú tó rí bẹ́ẹ̀ rí. “Mo sẹ́ ẹ,” ló wí. “Bàbá Múfú, ojú rẹ ni mo ṣe sẹ́ ẹ.”

“Ẹ dákẹ́ ná,” ni bàbá mi wí. “Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí mò ń ṣe.”

Kẹ́ẹ̀gì epo kan wà nínú ọkọ̀, èyí tó rà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, tí kò tíì dà sínú táǹkì. Ó bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìgò funfun, ó dúró díẹ̀ kó silẹ̀, ó gbé e sókè sójú oòrùn. Àwọ̀ kan ṣoṣo ló ní láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀ kankan níbẹ̀. Bàbá mi wò ó, ó sì pẹ́ lójú mi kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ó fa rọ́bà yọ nínú táǹkì, ó tì í bọ kẹ́ẹ̀gì, ó fún epo tuntun náà gba inú kábúrétọ̀ títí ohun tó ń jáde fi mọ́. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó fi fìlà orí rẹ̀ nù ún gbẹ, ó dè é padà. Ó fa okùn. Ó tún fà á. Àgbà Oníkọ́ dáhùn, kò sì tún wúkọ́ rárá títí a fi gúnlẹ̀.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọwọ́ mi wà lọ́wọ́ Ìyá Ṣẹ́rífá. Ó ti fún un títí n kò fi mọ̀ bóyá ọwọ́ ṣì ni. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì jí, mo ní, “Ìyá mi, a ti ń lọ o.”  Ó ń wo ojú ọ̀run.

Ọkọ̀ ilẹ̀ àwọn ọlọ́jà gbé e láti èbúté òdìkejì lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó gbà á wọlé kò jókòó, kò sinmi, ó ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn lè ṣe. Wọ́n gba ìyá náà là. Ọkùnrin ni ọmọ náà, ó pọ́n, ó ní irun púpọ̀. Kò ké.

Kí a tó padà délé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú wa débẹ̀. Wọ́n ní Bàbá Ṣẹ́rífá bu omi sí bẹntiróò. Lọ́jà, wọ́n ní ó ti pẹ́ tó ti ń bù ú. Nígbà tó fi máa dé Òkèhò, wọ́n ní ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa ọmọ ara rẹ̀, pé Ọlọ́run ló mú un níbi tó ti ń yọ́ ilẹ̀ dà. Àwọn tó ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ta epo fún àwọn láwìn wá ń kọjá níwájú àtíbàbà rẹ̀ láì kí i. Ẹnì kan da ẹrẹ̀ sí aṣọ funfun tó fi ń sẹ́ epo. Kò jà. Ó ká a, ó gbé e wọlé, a kò sì rí i ní èbúté mọ́.

Bàbá mi náà kò sọ nǹkan kan ní ọjọ́ mélòó kan yẹn. Ó ń jẹun díẹ̀, ó ń dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo bá a lẹ́yìn ilé. Ó ti da gbogbo epo inú táǹkì nù, ó ti sá a sóòrùn títí inú rẹ̀ fi gbẹ. Ó dé ìdérí rẹ̀ pinpin. Ó wá bu omi nínú igbá, ó rọra ń dà á sórí ìdérí náà bí ìgbà tí òjò ń rọ̀. Lẹ́yìn náà, ó ṣí i, ó sì da táǹkì kọdọ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Omi kán jáde. Ó tún nù ún gbẹ, ó tún dé e, ó tún da omi lé e, bí ẹni tó ń bẹ nǹkan náà pé kó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Omi tún kán jáde. Rọ́bà pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ìdérí náà ti sán yí po. Ní alẹ́ tí òjò rọ̀ mọ́jú yẹn, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó fi táǹkì sílẹ̀ nínú ọkọ̀ dípò kó gbé e wálé bó ti máa ń ṣe.

Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti rí i. “Bàbá Múfú,” ló wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, “ta ló bi yín? Bí ẹ bá sọ ọ́, ta ni yóò tún wọ ọkọ̀ yín? Oko ti wà lábẹ́ omi. Orí ọkọ̀ yẹn làwọn ọmọ yìí ti ń jẹun.”

Ó ní, “Mo mọ̀.” Ìyẹn nìkan ló sọ. Ìyá mi wọlé lọ, mo sì gbọ́ tó ń sunkún. N kò bínú sí i nígbà náà, n kò sì bínú sí i títí di òní. Òun ló ń se oúnjẹ. Òun ló mọ bí ìkòkò ṣe jìn tó.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ti kírun tán, bàbá mi gba àyè lọ́wọ́ Lèmọ́mù. Ó gbé táǹkì náà sí àárín àgbàlá mọ́ṣáláṣí. Àwa obìnrin àti ọmọdé wà lẹ́yìn ọgbà, a ń gbọ́. Kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ láwùjọ. Ó ní, “Omi tí ẹ ń sọ yẹn, inú táǹkì tèmi ló wà. Ìdérí rẹ̀ ti sán. Mo mọ̀ pé ó ń sán, mò ń sọ pé n ó pààrọ̀ rẹ̀, n kò pààrọ̀ rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ sínú òjò. Epo ọ̀rẹ́ mi mọ́. Epo kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ló gbé wa gúnlẹ̀.” Ó sì da omi sórí ìdérí lójú wọn, ó ṣí i, ó dà á kọdọ̀.

 Bàbá àgbàlagbà kan wá bi í pé, “Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà?”

“Ìtìjú ni, bàbá,” ló dá a lóhùn. “Ìtìjú àti ìbẹ̀rù.”

Bàbá Ṣẹ́rífá kò sí ní mọ́ṣáláṣí. Bàbá mi gba ibẹ̀ lọ sílé rẹ̀, mo sì tẹ̀ lé e nítorí pé mo fẹ́ rí ọ̀rẹ́ mi. Ọkùnrin náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àwọn adìẹ ń jẹ̀ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, fún ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń du mọ́ínmọ́ín nílé kéwú. Ó sọ ohun tó sọ ní mọ́ṣáláṣí fún un.

“Dìde, Bàbá Múfú,” ni Bàbá Ṣẹ́rífá wí. “Dìde, àwọn ọmọ ń wò wá.” Nígbà tí bàbá mi jókòó, ó bi í pé, “Ṣé o ti mọ̀ láti ojú omi?”

“Mo ti mọ̀.”

“Láti ìgbà tí o ti gbé ìgò yẹn sókè?”

“Láti ìgbà náà.”

Bàbá Ṣẹ́rífá lé àwọn adìẹ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní, “Èmi alára ti gbà pé èmi ni. Mo ti ń bi ara mi léèrè pé ṣé mo sẹ́ ẹ dáadáa, àbí mo kánjú. Wọ́n sọ ọ́ títí, mo gbà wọ́n gbọ́.” Ó gbé ọwọ́ lé ojú, ó sì sunkún, bàbá mi náà ń sunkún. N kò tíì rí àgbà ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ ń sunkún rí. Ẹ̀rù bà mí.

Ohùn Ìyá Ṣẹ́rífá ló wá láti inú yàrá. Kò tíì máa jáde síta nígbà náà. Kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn ní, “Ṣẹ́rífá, bu omi fún Bàbá Múfú, kí wọ́n mu ún.” Ṣẹ́rífá bu omi amù wá, ó kúnlẹ̀, bàbá mi gba igbá náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó mu ún tán.

Wọ́n kò bá ara wọn ṣọ̀tá. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé, ìdílé Bàbá Ṣẹ́rífá kó lọ sí Àgọ́-Àrẹ, ìlú ìyá rẹ̀. Ó ní ìyàwó òun kò lè máa wo omi yẹn lójoojúmọ́. Òun náà kò ta bẹntiróò mọ́, iṣu ló lọ ń gbìn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ìbòrí tèmi ló wà lórí Ṣẹ́rífá, tirẹ̀ ló wà lórí mi, kò sì sẹ́ni tó rántí pààrọ̀ wọn nínú wa. Mo gbọ́ pé ó lọ́kọ sápá Kíṣì, ó sì bímọ. Mo ti bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. N kò tún fojú kàn án mọ́.

Àwọn èèyàn kò wọ ọkọ̀ bàbá mi fún ìgbà díẹ̀, bí ìyá mi ti wí. Ìkòkò wa gbẹ lóòótọ́. Ẹja tí bàbá mi fi àwọ̀n kó la jẹ títí ó fi sú wa. Ìyá Onígàrí ló kọ́kọ́ padà wọ ọkọ̀ náà. Ó gbé àpò rẹ̀ wọlé, ó jókòó, ó ní òun mọ ọlọ́kọ̀ tó máa ń sọ ibi tí nǹkan ti bàjẹ́, òun kò mọ ti àwọn yòókù. Mo gbà pé ohun tó fi ń bẹ̀bẹ̀ fún igbe tó ta lójú omi nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Alùpùpù ń gba ọ̀nà òkè yí omi náà po báyìí, aláboyún kì í sáábà gba ojú omi mọ́. Àwọn òkú igi igbá yẹn ti wó. Ọ̀rọ̀ tó ń fẹsẹ̀ rìn dé Òkèhò láyé ìgbà yẹn, fóònù ló ń gbé e báyìí. Ó ń dé kí ẹni tí wọ́n ń sọ tó jí lójú oorun. Ẹni tí yóò jáde síwájú èrò láti sọ pé “èmi ni” kò pọ̀ nígbà náà, kò sì pọ̀ ní báyìí. Mo sì ti rí díẹ̀ nínú wọn. Wọn kò tíì tán.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mo padà kọ́, mo sì ṣe é títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ó ti di ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti ń gbẹ̀bí kí n tó ní ìgboyà láti bá bàbá mi sọ̀rọ̀ ọmọ ọjọ́ náà. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo sọ fún un pé pẹ̀lú ohun tí mo mọ̀ báyìí, pẹ̀lú bí ìrọbí yẹn ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó gbé obìnrin náà wọ ọkọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọmọ náà ti lọ kí a tó kúrò ní èbúté. Mo ní kó jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ó gbọ́ mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ọwọ́ mi, ó dì í mú.

“O ṣeun, ọmọ mi,” ló wí. “Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọjọ́ tí mo fi dákẹ́ ńkọ́?”

 A jókòó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi lọ́wọ́ rẹ̀, títí wọ́n fi pe ìrun alásárì, mo sì bu omi àlùwàlá wá fún un.